Ẹyẹ Tó Ń Padà Wá Jà

Ẹni tó bá ti wọ sáíbà káfé ní Èkó nígbà tí a ṣì ń ra wákàtí lórí ìwé pélébé, yóò mọ Chicken Invaders. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tí ìméèlì tí ènìyàn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kọ̀ tí kò lọ, adìẹ ni gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn fún. Ará Gíríìsì kan, Konstantinos Prouskas, ló ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1999, èkejì ní 2002, ẹ̀kẹta ní 2006, ẹ̀kẹrin ní 2010, ẹ̀karùn-ún ní 2014. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn: àwọn adìẹ ti kógun dé láti ojú sánmà, wọ́n fẹ́ gbẹ̀san gbogbo adìẹ tí ọmọ aráyé ti jẹ. Ẹyin ni ọta ìbọn wọn. Bí o bá pa ọ̀kan, itan rẹ̀ á já bọ́, ìwọ á sì fò mọ́ ọn. Bí itan tó o kó jọ bá pọ̀ tó, wọ́n á fún ọ ní ohun ìjà tó lágbára sí i. Ìwọ tí wọ́n torí ẹran jíjẹ wá bá jà, ẹran náà lo tún ń ṣà lójú ogun.

Ẹ̀dà ti Kérésìmesì tilẹ̀ wà. Prouskas lè má mọ bí ọjà Ajah ṣe ń rí bí ọdún bá ku ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí adìẹ tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn pọ̀, tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ní ìdorí kodò, kò ní sọ pé àwọn adìẹ yẹn kò ní ẹjọ́.

Iṣẹ́ géèmù ni mò ń ṣe, níbí ní Ajah, lójú ọ̀nà Badore. Ti fóònù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, débi pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò mọ ohun tí sáíbà káfé jẹ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bí wọ́n ṣe lè ṣe ọ̀tá tí yóò ba ènìyàn lẹ́rù. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀rù kò ṣòro í dá ba ènìyàn: ẹ pa iná, ẹ fi ariwo sí i, ó parí. Èyí tó ṣòro ni kí ọ̀tá lọ, kó tún dé, kó tún lọ, kó tún dé, kó má sì sú ẹni tó ń gbá géèmù náà. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí a lè fi ṣe irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀, ẹyẹ ni mo fara mọ́ jù.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó. Ní 1980, géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Phoenix, irú èyí tó wà nínú àpótí ńlá tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí. Nínú rẹ̀, ẹyin ló ń fò wọlé. Ẹyin á pa, ẹyẹ á yọ jáde. Bí ọta rẹ bá ṣá apá ẹyẹ náà nìkan, apá á tún hù. Àárín àyà lo gbọ́dọ̀ ti yìn ín. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Williams gbé Joust jáde. Ìwọ gun ògòǹgò, àwọn ọ̀tá gun igún, ẹni tó bá wà lókè nígbà tí ẹ bá kọlu ara yín ló borí. Ọ̀tá tó bá ṣubú á di ẹyin. Bí o kò bá tètè gbé ẹyin náà, á pa, ọ̀tá á tún jáde, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ẹyin yẹn ju gbogbo àwòrán mèremère ayé òde òní lọ. Ọ̀tá padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ lo fún un láyè. O rí ẹyin nílẹ̀, o ní ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Nígbà tó bá pa ọ́, ara rẹ ni wàá bá wí.

Ẹyẹ inú Ninja Gaiden ni mo máa ń fi hàn wọ́n tẹ̀lé e, kí wọ́n lè rí ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́. Tecmo ló ṣe é fún ẹ̀rọ Nintendo, ní ìparí ọdún 1988. Dárúkọ ẹyẹ yẹn fún ẹni tó gbá géèmù náà lọ́mọdé, èébú lo máa gbọ́. Ẹyẹ náà kò tóbi. Yóò kàn fò wá, bó bá kàn ọ́, á tì ọ́ sẹ́yìn, etí ọ̀gbun ló sì ti máa ń dọdẹ rẹ. O dọ̀gbun nìyẹn. Ká ní o pa á: bí o bá rìn sẹ́yìn díẹ̀ tí ibi tí ẹyẹ ti ń jáde fi kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, tó o tún rìn síwájú, ẹyẹ ti dé, àfi bí ẹni pé o kò pa á rí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn: ibi tí ẹyẹ ń gbà wọlé ni ẹ̀rọ náà mọ̀, kò mọ̀ pé ẹyẹ ti kú.

Àwọn kan ń yìn ín pé géèmù ọkùnrin nìyẹn. Èmi kò sí níbẹ̀. Ẹyẹ tó pa ọ́ láìjẹ́ pé o ṣìwà hù, tó tún jíǹde láìjẹ́ pé o fi ẹyin sílẹ̀, ìjàǹbá ni, kì í ṣe ọ̀tá. Kò sí ohun tí ènìyàn lè rí kọ́ lára ìjàǹbá ju pé kó máa gbàdúrà.

Ohun mìíràn wà tó mú kí ẹyẹ bá iṣẹ́ tiwa mu. Àwọn tó ń gbá géèmù wa, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Láàárọ̀, láti Ajah sí CMS, tí ọkọ̀ bá tò gbọọrọ láti Jakande, ọwọ́ kan di àpò mú, ọwọ́ kejì di fóònù mú, àtàǹpàkò nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àtàǹpàkò yẹn ti bo ìsàlẹ̀ ojú fóònù mọ́lẹ̀. Ọ̀tá tó bá gba ìsàlẹ̀ wá, ẹni náà kò ní rí i kó tó pa á. Èyí tó bá gba òkè wá, ojú rí i kedere. Fóònù Tecno tàbí itel tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í sì í lè gbé èrò púpọ̀. Kó ogún ọ̀tá sí i lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ á máa wọ́, bátìrì á sì gbóná. Ẹyẹ kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ná fóònù ní nǹkan kan.

Ó wá ku àmì tó ń sọ pé ọ̀tá ń bọ̀. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ìka tó dáhùn, ó máa ń gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tí awakọ̀ ń gbé gba inú kòtò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹyẹ ọ̀tá gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń bọ̀ kó tó dé, láìsọ ọ́ débi tí yóò fi di yẹ̀yẹ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sin adìẹ ìbílẹ̀ ní Badore ni mo ti rí bó ṣe yẹ kó rí. Ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀sà, láàárín àwọn ilé tuntun tí ògiri wọn ga ju òrùlé ìyá náà lọ. Ẹyin ni mo máa ń lọ rà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n máa ń pa àwọn òròmọdìẹ wọn láró, òmíràn pupa, òmíràn àwọ̀ ewé, òmíràn àwọ̀ àlùkò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ilẹ̀ wa nítorí àwòdì. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan.

"Ìyá, ṣé aró yìí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́?"

"Ọmọ mi, ọmọ adìẹ ló ń wá. Nǹkan tó wà nílẹ̀ ò jọ ọmọ adìẹ lójú ẹ̀. Kó tó rò ó tán, ìyá wọn á ti ké."

"Tó bá wá mọ̀ ńkọ́?"

"Á mọ̀ mọ́nà. Ìwọ náà á yí aró padà."

Mo ti ka ìwé tó nípọn lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀tá inú géèmù, n kò rí èyí tó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá ń kọ́ ọgbọ́n, ìwọ náà ń kọ́ ọgbọ́n. Nínú géèmù tí a ti ibẹ̀ ṣe, ẹni tó ń gbá a ló ni agbo adìẹ, aró sì ni ohun ìjà rẹ̀. Bó bá jókòó ti àwọ̀ kan jù, àwòdì á mọ̀ ọ́n.

Ìyá náà ló tún sọ fún mi pé òjìji ló ń kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ẹyẹ. Mo jókòó sábẹ́ òrùlé wọn, mo wò ó. Àwòdì á máa yípo lókè bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan, òjìji rẹ̀ á sì máa sáré lórí iyanrìn. Àgbébọ̀ á gbórí sókè. Á ké igbe kan báyìí, kì í ṣe igbe oúnjẹ, kì í ṣe igbe ẹyin. Àwọn ọmọ á rọ́ wọ abẹ́ apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwòdì á ká apá kò, tó máa já wálẹ̀. Bó bá gbé ọmọ, ó gbé e nìyẹn. Bí kò bá rí i gbé, kò ní dúró bá ẹnikẹ́ni jà nílẹ̀, òkè ló tún gbà padà. Ibi tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti máa ń ṣì í nìyí. Wọ́n á fẹ́ kí ẹyẹ balẹ̀, kó máa ta ìpá, kó máa tu iná lẹ́nu. Mo ní rárá. Ìwà mẹ́rin péré ni mo kọ sínú kóòdù rẹ̀: ó ń yípo, ó ń fojú sun ẹran, ó ń já wálẹ̀, ó ń gbéra. Òjìji àti igbe àgbébọ̀ ni àmì. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì tí kò tan ohùn fóònù rẹ̀ á fi ojú rí òjìji. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bo ilẹ̀ á fi etí gbọ́ igbe.

Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Èyí náà wọ inú géèmù. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ lójoojúmọ́ ní etíkun Lekki, àwọn imọ̀ àgbọn ló sì ń fi ibi tó kọ ojú sí hàn. Bí imọ̀ àgbọn bá tẹ̀ sí ìhà agbo adìẹ rẹ, mọ̀ pé jíjá tó kàn á yá ju ti ìṣáájú. A kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú fóònù láti ṣàlàyé èyí, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ń rí i. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹyẹ yìí fi ń yára nígbà mìíràn.

Ti ìpadàbọ̀ ló wá dùn mọ́ mi jù. Àwòdì alágógó yẹ́lò tí a ń rí lójú ọ̀run Èkó kì í bá wa gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú wọn á gba òkè Ọya lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á padà sí ìhà gúúsù, níbí ni wọ́n sì ti ń yé. Kí ni mo tún ń wá? Ìpele tí òjò ń rọ̀, kò sí àwòdì. Ẹni tó ń gbá géèmù á rò pé òun ti ṣẹ́gun, á dojú kọ àwọn kannakánná tó ń jí ẹyin, ìyẹn sì jẹ́ ìyọlẹ́nu lásán. Lẹ́yìn náà, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ojú ọ̀run á ṣú eruku, òjìji kan á sì kọjá lórí iyanrìn. Àwọn tí mo fún gbá ṣáájú kí ó tó jáde máa ń pariwo níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ló gbé e dé. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló gbé e dé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yan ẹyẹ ọ̀tá fúnra wọn, òwìwí ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òwìwí náà ni nígbà gbogbo: òwìwí, igi ìrókò, òṣùpá àrànmọ́jú, obìnrin arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ àjẹ́ ò nílò àlàyé, gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ ọ́n nínú fíìmù." Ó gbọ́n. Ọ̀tá tí kò nílò àlàyé, ohun iyebíye ni. Nígbà tí Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, ọ̀kan nínú àwọn géèmù tí wọ́n fi ṣílé ni Mosquito Smasher: ẹ̀fọn, kí o sì pa á. Ta ni wọ́n fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀fọn fún ní Èkó? Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ń ṣe ohun tí wọ́n fi sùn ún nínú géèmù. Ó ń jẹni lóòótọ́. Kí ni òwìwí ṣe?

Ẹ wò ó dáadáa. Ó jókòó, ó wò ọ́, ó ké, ó lọ pa eku. Kò sí ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù lè kọ́ lára rẹ̀, nítorí ibi tí a ń rò pé ó wà lára òwìwí kò sí lára rẹ̀, inú orí wa ló wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi máa ń fi mànàmáná sí i lójú àti iná sí i lẹ́nu, kó lè rí nǹkan ṣe. Àwọn baba wa tó fi ẹyẹ sórí adé ọba, tí wọ́n tún fi ẹyẹ sórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, kò rò pé gbogbo ohun tó ń fò lóru ló yẹ ká sọ lókò.

Mo tún ní ìdí kejì, èyí kò sì kan géèmù. Òwìwí tó bá bà sórí òrùlé ní ilẹ̀ yìí, òkúta ló sábà máa ń rí gbà, kò tíì ṣe nǹkan kan. Igún náà ńkọ́? Èyí tó kún odò ẹran nígbà èwe wa, ẹ wo ojú ọ̀run báyìí kí ẹ sọ iye tí ẹ rí. Èèwọ̀ ni pípa igún nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, síbẹ̀ wọ́n ń tà á lórí àtẹ àwọn elégbòogi. Ní 2015, àjọ IUCN tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu sílẹ̀, kọ igún kékeré tiwa yìí mọ́ àwọn tó sún mọ́ àtirun jù lọ. Májèlé àti títa ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Èmi kò gbà pé géèmù ń sọ ọmọ di apànìyàn, ìsọkúsọ àwọn tí kò gbá géèmù rí ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn yàtọ̀: àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn aládùúgbò á ti sọ fún ọmọ pé ènìyàn kò ṣeé pa. Ta ló ń gbẹnu sọ fún òwìwí? Bí fíìmù bá pè é ní àjẹ́, tí géèmù tún pè é ní àjẹ́, kò sí ibòmíràn tí ọmọ ti máa gbọ́ pé eku ló ń jẹ.

Ọ̀tá tó ń padà wá yẹ kó ní ìdí tó fi ń padà wá. King Dedede ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, ẹyẹ sanra kan tó jọ pẹngúíìnì nínú àwọn géèmù Kirby. Ní 1992 ó kó gbogbo oúnjẹ ìlú lọ, olè ni, ó parí síbẹ̀. Ní 1993 ó tún dé, ó ti fọ́ ọ̀pá ìràwọ̀ tó ń fún gbogbo ìlú ní àlá, ìwọ sì lù ú bí ó ṣe yẹ kí o lu olè. Ìgbà tí o lù ú tán lo máa tó mọ̀ pé ńṣe ló fọ́ ọ kí ẹ̀dá búburú kan má baà jáde. Ìwọ lo wá tú u sílẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìgbà tí Dedede dé tí ènìyàn kò ní kọ́kọ́ béèrè ohun tó dé.

Ti àwòdì wa kò le tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú Lekki yìí, àbàtà àti igbó ni kí iyanrìn tó dé. Àárín àwọn ilé tuntun ni agbo adìẹ inú géèmù wà, ẹni tó bá sì ṣọ́ àwòdì náà dáadáa nígbà tó bá gbéra, á rí i pé ibì kan ló máa ń yípo jù: orí kùkùté igi ńlá kan lẹ́yìn ògiri. A kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè yàwòrán igbó tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, mo máa ń rán wọn lọ sí ọgbà Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni, ó wà ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé-iṣẹ́ Chevron, afárá orí igi rẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Láti orí afárá yẹn, o máa rí ibi tí igbó ti parí àti ibi tí òrùlé ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Ọmọkùnrin kan ní Ṣàngótẹ̀dó tó ń bá wa dán géèmù náà wò bi mí pé, "Àǹkú, báwo ni mo ṣe máa pa á?" Mo ní kò ní pa á, kò sí ibi tí a ti kọ ikú rẹ̀ sí. Ó bínú, ó gbé fóònù kalẹ̀. Nígbà tí mo padà wò ó, ó ti ń pa àwọn òròmọdìẹ láró tuntun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe géèmù láti Lekki títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwìwí sílẹ̀ fún eku. Bí ẹ bá nílò ẹyẹ tí yóò máa padà wá jà, ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní pẹ́ dé, àwọn àwòdì á sì dé bá a. Ẹ jáde síta, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kankan.